Ìdì Tí Òbúkọ Wọ́ Wá sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Nínú agbo ilé wa ní Òkè-Sópẹ̀n, ẹnikẹ́ni kì í fi aago jí. Ìgbálẹ̀ Ìyá Rẹ̀mí ló máa kọ́kọ́ ha ilẹ̀ àgbàlá, òbúkọ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwo gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ àná. Lẹ́yìn náà ni Ìyé á gbé orin ìyìn sókè láti inú yàrá rẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa gba imú jáde. Ìyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìyá Rẹ̀mí ni ìyàwó àbúrò bàbá mi, apá òdìkejì àgbàlá ni tirẹ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta, ìparí oṣù la máa ń rí i, nítorí náà èmi, Ìyé àti Màámi, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, la jọ ń gbé apá tiwa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún náà ni Ìyé kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Ìyé jẹ́, kí ẹ má baà máa fojú àánú wò ó, nítorí kò fẹ́ràn àánú. Ẹ̀bìrìpò ló tà títí ó fi tọ́ ọmọ márùn-ún yanjú. Á rin kókò, á fi epo, ata, edé àti ẹja po ó, á wá fi ewé eéran pọ́n ọn kó tó kó o sínú ìkòkò. Ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó, bí wọ́n bá gbé ẹ̀bìrìpò wá síbi àpèjẹ, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í tíì jẹ ẹ́ tí wọ́n á ti sọ pé ti Ìyé ni, nítorí bó ṣe ń ṣẹ́ etí ewé méjèèjì sínú kò jọ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún méje ló ti mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣe é tó ń jò, á gbá mi lọ́wọ́ pẹ́ẹ́, á ní, "Ìdì tó bá ń jò, ọ̀nà ni í ti tú àṣírí alásè." Mo sunkún lórí ewé yẹn tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi pé ọdún mọ́kànlá, bí èmi àti Ìyé bá to tiwa pọ̀ nínú ìkòkò kan náà, Màámi kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìṣubú kan ní balùwẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ìbàdí rẹ̀ san, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kó tó dìde lórí àga, omi ti dé. Ó máa ń fi ọgbọ́n bò ó. Á ní òun da tíì sára, á ní òjò ló ta sí òun láti ojú fèrèsé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nígbà tó yá kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Màámi ló lóye rẹ̀. Ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó gbé páálí ńlá kan bọ̀ tó fi ìborùn bò mọ́lẹ̀. Ìlédìí àgbà ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pámpáàsì. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Títí, ohun tó wà nínú yàrá Ìyé, inú yàrá Ìyé ló ń gbé. Àti Ìyá Rẹ̀mí, àti ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gbọ́." Mo ní ó ti yé mi. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n fọkàn tán mi.

Wíwọ̀ rẹ̀ kò le. Ibi tí a máa gbé e sí bó bá ti lò ó tán ni iṣẹ́ wà, a kò sì mọ iṣẹ́ náà rárá. Màámi kọ́kọ́ ní ká máa sun ún lẹ́yìn ilé. Ẹ ò rí nǹkan! Ìlédìí tó ti mu omi yó kì í jó. Á máa rú èéfín dúdú láti àárọ̀ dọ̀sán, òórùn rẹ̀ á sì wọ gbogbo aṣọ tí Ìyá Rẹ̀mí sá. Obìnrin náà kígbe láti apá tirẹ̀ pé, "Ta ló ń sun táyà o?" Màámi dáhùn pé bàtà àtijọ́ ni. Nígbà tí bàtà àtijọ́ di ojoojúmọ́, a pa iná. A wá ń jù ú sínú ilé ìgbẹ́ olómi tí gbogbo agbo ilé jọ ń lò. Ohun kan wà nínú ìlédìí yẹn tó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù, bó bá ti rí omi, kì í yé wú. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, omi kò lọ mọ́. Ẹni tó wá tú páìpù fi igi fa mẹ́rin jáde, ó wo ojú Màámi, Màámi ń wo òkè bí ẹni tó ń retí òjò. Títí dòní, mi ò mọ irọ́ tó pa fún Ìyá Rẹ̀mí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ náà wúwo ju ìlédìí lọ.

Bó ṣe di iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Láràárọ̀, kí n tó lọ sí ilé ìwé, màá gbé làìlọ́ọ̀nù dúdú kan lọ sí ààtàn tó wà létí odò, màá jù ú síbẹ̀, màá sì sáré. Ajá ló máa ń tẹ̀lé mi tú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí à ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo rí funfun kan tó léfòó sórí omi, ní ọ̀gangan ibi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ó ti wú bí ìrọ̀rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ẹ wo ìdọ̀tí, ta ni oníwà ọ̀bùn yìí?" Mo bá wọn bú oníwà ọ̀bùn náà, mo tiẹ̀ bú u ju gbogbo wọn lọ, ojú sì ń tì mí títí mo fi délé. Mi ò lè jẹ fùfú lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ ẹni tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe é.

Ìgbà náà ni ọgbọ́n ọmọdé dé sí mi. Mo ronú pé bó bá jẹ́ pé jíjò àti títú ni ìṣòro, ṣebí mo mọ ohun tí kì í jò tí kì í tú. Mo lọ já ewé eéran lẹ́yìn ilé, mo fọ̀ ọ́, mo fi iná rọ̀ ọ́ díẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ìlédìí Ìyé gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ́ mi. Mo ṣẹ́ etí méjèèjì sínú, mo ká a, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹwà! Mo to mẹ́fà sínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní bó bá di Ajé màá wa ihò jíjìn kan sin wọ́n jìnnà sí odò. Mi ò sọ fún Màámi, mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹran máa ń fẹ́ iyọ̀, iyọ̀ sì wà nínú ìtọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ìyá Ìjọ àti obìnrin méjì wá kí Ìyé láti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí oṣù mẹ́ta ti kọjá tí wọn kò rí i. Màámi fún wọn ní àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé Ìyé gan-an, ó ní Màmá ń sùn. Bí wọ́n ṣe ń mu omi ni òbúkọ Ìyá Rẹ̀mí yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó wọ́ ìdì kan dání, ó ti jẹ etí ewé kan. Ìyá Ìjọ fò dìde. "Ẹ̀bìrìpò Ìyé rèé! Ẹ wo bí ẹran ṣe fẹ́ fi ohun rere ṣòfò!" Ó gba ìdì náà lẹ́nu òbúkọ, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó ní, "Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́!" Oòrùn ló mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sáré sún mọ́ ọn. Ó ti ṣí i.

Òbúkọ nìkan ló ń jẹnu. Màámi ní, "Ti ọmọ kékeré kan ni." Ìyá Ìjọ wo yíká ilé. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, mo sì ti wà ní kíláàsì kẹfà. Ó rọra ká ìdì náà padà, ó gbé e sílẹ̀, ó béèrè omi àti ọṣẹ, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní, "Ẹ bá wa kí Ìyé." Wọ́n lọ. Láti inú yàrá, a kò gbọ́ ìkọ́, a kò gbọ́ orin. Ìyé kò sùn rárá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ìlédìí tí à ń gbé jáde bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó di méjì lójúmọ́, ó di ẹyọ kan, ó di èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Màámi ní a dúpẹ́, ara Màmá ti ń yá. Àmọ́ ètè Ìyé ti sán, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Màámi ní ọjọ́ ogbó ni. Èmi ni mo rí agolo òdòdó tó wà lójú fèrèsé rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ewéko àgbàlá ti gbẹ, òdòdó yẹn ń tutù yọ̀yọ̀, omi sì ń sun lábẹ́ agolo náà. Mo wo òdòdó, mo wo ife tó ti ṣófo, mo wo ẹnu Ìyé. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ènìyàn tí kò bá mu omi yóò kú.

Mo ní, "Ìyé, ẹ ò mu omi. Òdòdó lẹ̀ ń fún."

Ó ní, "Bí mi ò bá mu nǹkan kan, kò ní sí nǹkan kan tí wọ́n máa gbé jáde. Èmi tí mo bọ́ gbogbo ìlú, èmi ni wọ́n ń fi ẹran wọ́ kiri. Jẹ́ kí n lọ jẹ́jẹ́, Títí."

Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kì í ṣe ẹran, èmi ni. Mo sọ bí mo ṣe já ewé, bí mo ṣe fọ̀ ọ́, bí mo ṣe pọ́n ọn kó má baà jò sínú odò mọ́. Mo ní bó bá kú, èmi ni mo pa á. Ìyé yí ojú sí mi. Ojú oníṣòwò ló fi wò mí, ojú tí mi ò tíì rí láti oṣù mẹ́ta.

"Ṣé wo ṣẹ́ etí ẹ̀ méjèèjì sínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé."

"Wo fi iná rọ ewé?"

"Mo fi iná rọ̀ ọ́."

"Tí Ìyá Ìjọ fi rò pé tèmi ni?"

"Ó ní ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde ní imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbá gbogbo ara rẹ̀ mú. Ìyé rẹ́rìn-ín títí omi fi dé, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ó ti dé o!" ó sì tún bú sẹ́rìn-ín. Màámi sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń sunkún tí mò ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ìyé ní, "Ìyá Títí, gbé omi wá. Kó kún. Ọdún mélòó ni mo fi pọ́n ẹ̀bìrìpò? Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dídì. Ẹ̀yin lẹ ò bi mí."

Ife mẹ́ta ló mu, díẹ̀díẹ̀, èmi ni mo di ife mú fún un. Bó ti di ọjọ́ kejì tí ojú rẹ̀ walẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọṣẹ́. Bí ìgbẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ká kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n sínú ilé ìgbẹ́, ìgbẹ́ nìkan, kì í ṣe ìlédìí. Ká ki ọwọ́ bọ làìlọ́ọ̀nù kí ọwọ́ má baà kàn án. Ká ká a láti iwájú sí ẹ̀yìn, kí ẹ̀gbin wà ní inú pátápátá, ká fi ohun tó ń lẹ̀ létí rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. "Ewé tó máa fi di ara ẹ̀ ti wà lára ẹ̀, wo ò rí i?" ló wí fún mi, inú rẹ̀ sì dùn sí ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀. Làìlọ́ọ̀nù kan, ká so ó. Làìlọ́ọ̀nù kejì, ká tún so ó. Ó ní kí Màámi mú ike onídèérí tí òun máa ń po kókò sí tẹ́lẹ̀, ká da eérú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí òórùn, ká gbé e síbi ìbòòji tó jìnnà sí kànga àti ilé ìdáná, ká fi òkúta lé ìdérí nítorí ọ̀gbẹ́ni oníwo. Lẹ́yìn rẹ̀, ọṣẹ àti omi, dé ọrùn ọwọ́, abẹ́ èékánná pẹ̀lú. Ìgbà tí mo fọ ọwọ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbá mi lọ́wọ́ pẹ́ẹ́. Inú mi dùn sí gbígbá yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ìjà dé nígbà tó ní ká pe Bùrọ̀dá Múfú. Múfú ló ń fi ọmọlanke kó pàǹtí ní àdúgbò wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, ọkùnrin gìrìpá tó ní ìyàwó àti ọmọ. Màámi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kàn gbé e fún un. Ó ń kó ti Òkè-Àgbò pẹ̀lú. Ìròyìn á ti dé ibẹ̀ kílẹ̀ ó tó ṣú."

Ìyé ní, "Ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọ ọlọ́mọ ò ní fi ọwọ́ lásán tú ẹrù mi kó tó mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Ẹ pè é wọlé."

Múfú wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Ìyé sọ fún un láì dín ohùn kù. Ó ní, "Múfú, ìtọ̀ ò gbọ́ tèmi mọ́. Pámpáàsì ni mò ń wọ̀. Òun ló wà nínú ike yẹn. Má tú u wá ìgò." Màámi ti kọjú sí ògiri. Múfú na ìka kan tí èékánná rẹ̀ ti kú sí Ìyé. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ ló gún mi níbí yìí, nínú làìlọ́ọ̀nù tí wọ́n so bí ẹ̀bùn. Oṣù méjì ni mi ò fi lè ṣiṣẹ́. Látìgbà tí mo ti ń kó pàǹtí, Ìyé, ẹnì kan ò tíì pè mí jókòó rí kó sọ ohun tó gbé fún mi." Ó ní ká so òwú pupa mọ́ ọn, òun ò ní tú u, òun ò sì ní jù ú sí etí odò, ibi tí ọkọ̀ ìjọba ti ń wá kó pàǹtí ni òun máa gbé e dé. Ó tún dọ̀bálẹ̀ kó tó jáde.

Òótọ́ ni Màámi sọ. Ìròyìn dé Òkè-Àgbò, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Ìyá Ìjọ padà wá, òun nìkan, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kókò lórí. Ó wọlé lọ bá Ìyé, ó ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọmọ ni mí, etí mi sì mú. Mo gbọ́ tó ní, "Ìyé, tèmi ti pé ọdún méjì. Nílé ìgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń tọ́jú u pamọ́ sẹ́yìn páànù. Ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń ṣe tiyín." Ìgbà náà ló yé mi ìdí tó fi mọ ohun tó dì mú lọ́jọ́ Àìkú yẹn kíákíá, tó sì béèrè ọṣẹ láìbéèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin mẹ́rin mìíràn wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kókò lórí bí ẹni tó wá kọ́ ẹ̀bìrìpò. Ìyé padà sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ìkórè tó dé, ìlédìí méjì nínú báàgì rẹ̀, ó sì kọrin láti imú bí ti tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló tún lò láyé lẹ́yìn náà, ó sì mu omi rẹ̀ kánrin.

Ọ̀rọ̀ Màámi ló mú mi rántí gbogbo èyí. Ó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló kù ní apá tiwa. Lóṣù tó kọjá, mo wálé, mo ń wá aṣọ ìbora nínú àpótí rẹ̀, mo bá ìlédìí mẹ́ta tí ó ti lò lábẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀, ó ká wọn dáadáa, ó tò wọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ṣùgbọ́n kò sí òkété tó fẹ́ kí ọmọ rí òun níbi tó ti ń mu ún. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo wá ike onídèérí náà kàn lábẹ́ páànù, mo fọ̀ ọ́, mo da eérú sí i. Mo bu omi sí ife, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo sì dúró títí ó fi mu ún tán. Àwa méjèèjì jọ dì wọ́n, òun so òwú pupa.

Ó ní, "Ta ló máa wá sọ fún Múfú?"

A ti ń gbọ́ táyà ọmọlanke tó ń dún bọ̀ lójú títì. Irun Múfú ti funfun, àmọ́ Ẹtì rẹ̀ kò yẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màámi."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó gbé ike náà fúnra rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó rìn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níṣojú Ìyá Rẹ̀mí tó ń gbá àgbàlá, ó sì fi ohùn olùkọ́ pè, "Múfú! Wá jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ."